Ìràwọ̀ Níwájú, Lẹ́tà Mẹ́rin Lẹ́yìn

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì wọ inú egungun rẹ? Mo mọ̀ pé nínú gbogbo ìbéèrè yìí, wàá kàn ní "ara mi le, Bàbá," wàá sì fò lọ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi àti ìyá rẹ wà. Orúnkún mi wà níbi tí o fi í sí. Àtẹ̀gùn ilé yìí kò dín kù, èmi ni mò ń dín kù lórí rẹ̀.

Fọ́tò tó bá lẹ́tà rẹ wá ti dé ọwọ́ wa. Onífótò ìsàlẹ̀ ilé bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde, ìyá rẹ sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pẹ̀lú àwọn ìyókù. Ó dúró, ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé bàtà kan ṣoṣo ló ní ní gbogbo ìlú ọ̀hún ni? Kò sí fọ́tò tí bàtà aláwọ̀ ewé yìí kì í sí."

Mo ní kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, pé bàtà tó bá ti bá ẹsẹ̀ mu, èèyàn kì í tètè bọ́ ọ.

Ó ní, "Àti ẹrọ̀fọ̀ tó wà létí rẹ̀? Òun náà bá ẹsẹ̀ mu?"

Mo ní kò sí ẹrọ̀fọ̀ níbẹ̀, òjìji ni. O mọ ìyá rẹ, ojú rẹ̀ kì í sinmi.

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyí. Kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀ fún mi, olójú dúdú yẹn tí kì í fi àwòrán hàn, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ funfun nìkan ló ń kọ, ó ń gba lẹ́tà rẹ dáadáa. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà nínú àpò tirẹ̀, fọ́tò rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo bá fẹ́ gbé fọ́tò sórí fláàṣì fún onífótò, mo ní láti kọ orúkọ rẹ̀ látorí dé ìrù, orúkọ tí kò ní ìtumọ̀, lẹ́tà ńlá, òǹkà, àmì. Tí mo bá ṣi ẹyọ kan kọ, ẹ̀rọ á ní kò sí. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan màá ṣi nǹkan tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì pa rẹ́. Ìyá rẹ wá ní òun fẹ́ kí onífótò tún gbogbo wọn tẹ̀ ní ńlá. Ṣé kò sí ọ̀nà tí mo lè fi pè wọ́n pa pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá dúró lójúde tó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ó yá o, ẹ wọlé"?

Tètè kọ̀wé. Bí ìwé rẹ bá pẹ́, oúnjẹ kì í gba ọ̀fun mi kọjá.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àti Mọ́mì. Ara mi le. Iṣẹ́ ń lọ. Bàbá àgbà tí mò ń tọ́jú náà ti ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣì fi ń pè mí, mo sì ti ń dá a lóhùn. Ẹ sọ fún Mọ́mì pé bàtà náà ló rọ̀ mí lẹ́sẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò kò le rárá. Ẹ wo àmì tó dà bí ìràwọ̀ lórí bọ́tìnnì òǹkà mẹ́jọ: *. Ìràwọ̀ yìí máa ń dúró fún ohunkóhun: lẹ́tà kan, ogún lẹ́tà, tàbí òfo pàápàá. Gbogbo fọ́tò mi ni orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DSC. Kámẹ́rà ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Ẹ dúró síbi tí gbogbo àpò lẹ́tà wà, kí ẹ kọ

ls */DSC*

Ẹ̀rọ á yẹ inú àpò kọ̀ọ̀kan wò, á sì pe gbogbo ohun tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, ls kò lè ba nǹkan jẹ́, wíwò ló ń wò. Àmì ìbéèrè náà wà, ?, àmọ́ ahun ni òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀: ẹyọ lẹ́tà kan péré ló ń dúró fún, kò jù, kò dín. Tí ẹ bá wá fẹ́ kó wọn jọ sójú kan, ẹ kọ mkdir foto, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì Enter, á dá àpò tuntun; kí ẹ sì kọ cp */DSC* foto, á kó ẹ̀dà wọn sínú rẹ̀.

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín fún. rm ni ọ̀rọ̀ tó ń pa nǹkan rẹ́. Ẹ má jẹ́ kí rm àti ìràwọ̀ pàdé lórí ìlà kan láéláé. Bí wọ́n bá pàdé, ẹkún ló kù.

Mo fi fọ́tò kan sí i. Ibi ìgbafẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ wa ni, Àìkú tó kọjá ni mo yà á.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejì

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ. Kí n tó sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn, jẹ́ kí n dúpẹ́ ná. Mo kọ ọ́ bí o ṣe ní kí n kọ ọ́, gbogbo fọ́tò rẹ sì tò jáde bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ agogo. Mo pariwo. Onífótò sáré gun òkè wá, ó rò pé mo ṣubú ni. Láti ìgbà náà ló ti sọ mí ní Bàbá Oníràwọ̀. Bí mo bá ti ń sọ̀kalẹ̀, á ní, "Bàbá Oníràwọ̀, ta lẹ tún pè jáde lónìí?" Ìyá rẹ ní bí ìràwọ̀ bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí n fi wá awò ojú mi tó sọnù.

Mo kó wọn jọ sínú àpò kan. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kálukú wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà tirẹ̀, mi ò wo orúkọ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ní báyìí tí wọ́n tò tẹ̀léra, mo rí i pé òǹkà wọn so kọ́ra, kò sí èyí tó fò nínú wọn. Àmọ́ ètò wọn kò bá ti lẹ́tà rẹ mu. Èyí tí o fi ránṣẹ́ ní oṣù karùn-ún èṣí, tí o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, DSC0039 ni. Ti ọjọ́ ìbí rẹ ní oṣù kẹsàn-án, DSC0034. Ti ibi ìgbafẹ́, tí o ní Àìkú tó kọjá lo yà á, DSC0031. Òun ló ṣáájú gbogbo wọn.

Mo ṣe bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀, mo bi onífótò pé ṣé kámẹ́rà lè máa ka òǹkà padà sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, kámẹ́rà dà bí ọjọ́ orí. Iwájú nìkan ló ń lọ."

Ọmọ mi, ṣé Àìkú tó kọjá ṣáájú oṣù karùn-ún èṣí ni? Ọjọ́ kan náà lo ya gbogbo fọ́tò yìí, àbí? Bàtà kan, ẹrọ̀fọ̀ kan. Mo ní òjìji ni, ìyá rẹ ló ríran. Mi ò tíì sọ fún un.

Sọ ọ́ fún mi tààrà, má fi "ara mi le" bò mí lójú. Ṣé o ń jáde nínú ilé yẹn? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o jáde?

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Àbíkẹ́yìn,

Èsì kò tíì dé. Mo ń ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀, mo ń ṣí i lọ́sàn-án, ìyá rẹ ní màá fi ìka gbẹ́ ihò sí bọ́tìnnì. Mo ní mò ń kọ́ṣẹ́ ni. Bí ìbéèrè mi bá bí ọ nínú, bínú sí mi nínú ìwé, kí n ríhun kà. Bí ó bá sì jẹ́ pé mo ti fi ìbéèrè náà dá ọ lẹ́bi lójú àwọn èèyàn ibẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò yìí ló dé bá mi lánàá, kò sì jẹ́ kí n jókòó.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ẹ má bínú pé ìwé mi pẹ́. Kọ̀ǹpútà bàbá àgbà ni mo fi ń kọ̀wé, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, fẹ́ràn láti mọ ohun tí mò ń kọ sílé, ó sì ti ra ohun kan tó ń tú èdè wa sí èdè tirẹ̀. Ó ka lẹ́tà yín méjèèjì. Inú rẹ̀ dùn pé mò ń kọ́ bàbá mi ní kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ kò dùn sí ọ̀rọ̀ fọ́tò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi kámẹ́rà sílẹ̀, ó ti bàjẹ́, kí a máa bá ẹ̀kọ́ wa lọ. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré pé bí àlàyé olùkọ́ kò bá yé èèyàn, kó wo àpẹẹrẹ tó kọ sójú pátákó.

Ẹ̀kọ́ kejì nìyí. Ẹ rántí pé a kì í fi àmì sórí orúkọ fáìlì, ìlà kékeré la sì fi ń so ó pọ̀, kí kọ̀ǹpútà lè gbà á. Ká ní àpò kan wà, tí ìwọ̀nyí wà nínú rẹ̀:

ilekun-won-n-ti-i-lati-ita
ilekun-kokoro-wa-lowo-oga
ojo-kan-pere-ni-mo-rin-nita
ojo-ti-mo-de-ni-mo-ya-gbogbo-foto
oju-ferese-nikan-ni-mo-n-ri
mi-o-mo-adiresi-ibi-ti-mo-wa

Bí ẹ bá kọ ls ilekun*, méjì á jáde. Bí ẹ bá kọ ls ojo*, méjì á jáde. Bí ẹ bá kọ ls *ferese*, ẹyọ kan. Ẹ ṣe é ní iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má jẹ́ kí Mọ́mì bá yín ṣe é o. Àyà rẹ̀ kò gba irú ìṣirò báyìí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Olùkọ́ mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ kíláàsì rẹ kí ọ. Ẹ̀kọ́ náà yé mi. Mo kà á, mo tún un kà, ife tó wà lọ́wọ́ mi já bọ́. Ìyá rẹ ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo ní iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síwájú ní iléèwé girama, ṣé báyìí lẹ ti ń fọ́ ife nígbà náà?" Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹ̀rín.

Mo kí ọ̀gá rẹ. Ó ṣeun tó jẹ́ kí o máa kọ́ mi.

Mo ti dá àpò tèmi, kí o bá mi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá mo gbà á. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

se-won-n-lu-e
se-o-n-jeun-looto
se-o-ri-patako-titi-loju-ferese
kini-o-n-gbo

Èrò mi ni pé bí mo bá kọ ls se*, mẹ́ta ló yẹ kó jáde. Bí mo bá sì kọ ls *gbo, ẹyọ kan. Fi àpẹẹrẹ tìrẹ dá mi lóhùn. Mo ti gbé àga mi sún mọ́ ẹ̀rọ, mi ò ní dìde níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ gba gbogbo rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta dá lórí orúkọ tí a kò mọ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá mọ orí, tí ẹ kò mọ ìdí, ẹ kọ orí, kí ẹ fi ìràwọ̀ sẹ́yìn. Bí ẹ bá mọ ìdí, tí orí rẹ̀ farasin, ìràwọ̀ ni kó ṣáájú. Àpẹẹrẹ:

won-o-lu-mi
mo-n-jeun
patako-wa-igi-bo-iwaju-re
mo-ri-VELA-leyin-re
reluwe-n-koja-legbe-ile

Ẹ kọ ls *VELA. Ìràwọ̀ á dúró fún ohun tí igi bò. Ẹ ó rí i pé ó dùn.

Bàbá àgbà kí yín. Mo sọ fún un pé mò ń kọ́ bàbá mi níwèé, ó ní kí n ní sùúrù, pé òun náà kò tètè mọ̀wé. Ó jókòó tì mí níbi ojú fèrèsé báyìí. Lójoojúmọ́ ló máa ń wọ bàtà, á lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, á ní òun ń lọ síbi iṣẹ́. Màá ní iṣẹ́ kò sí lónìí. Á bọ́ bàtà. Ọ̀gá ní nítorí tirẹ̀ ni ilé fi rí bó ṣe rí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Olùkọ́ mi,

Mo gba òdo.

Mo ní láti bá onífótò sọ ọ́, kò sí bí mo ṣe lè dá a ṣe. Kò tilẹ̀ pè mí ní Bàbá Oníràwọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bá mi wá àpò ńlá kan, ó gbé e sórí ẹ̀rọ mi láti orí fláàṣì. Mo sọ àpò náà ní

gbogbo-titi-ilu-yin-okookan-ni-faili-tire

Mo wọ inú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: ls *VELA. Ẹ̀rọ ní kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Kò sí. Mo rò pé bóyá ìràwọ̀ mi ló kéré, mo fi méjì sí i. Kò sí. Onífótò ní, "Bàbá, ẹ rọra, ẹ̀rọ kò ṣe yín ní nǹkan." Mo ní, "Ó ṣe mí ní nǹkan!"

Ìyá rẹ ń gbọ́ láti kíṣìnnì. Ó bi mí pé irú ìdánwò wo ni àgbàlagbà ń ṣe tí omijé fi wà lójú rẹ̀. Mo ní iná ojú ẹ̀rọ ni.

Ṣé lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá ọ lójú? Ṣé kì í ṣe pé igi náà bò wọ́n díẹ̀? Tún un wò fún mi. Jọ̀ọ́, tún un wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ nu ojú yín nù. Ẹ̀bi olùkọ́ ni, kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Lójú ẹ̀rọ, lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Pátákó máa ń fi lẹ́tà ńlá pariwo, fáìlì kì í pariwo. Ẹ kọ ọ́ ní kékeré. Ohun kejì: fáìlì ní ìrù, àmì tíńtín kan pẹ̀lú lẹ́tà bíi mẹ́ta lẹ́yìn orúkọ. Bí ẹ bá fòpin sí vela, ẹ̀rọ á wá ohun tó parí síbẹ̀, kò sì ní rí i. Bí ẹ bá wá lẹ ìràwọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn lásán, ẹ ó kó ẹni tí ẹ pè àti ẹni tí ẹ kò pè. Báyìí ni kí ẹ kọ ọ́:

ls *vela.*

Ẹ ṣe é kíákíá. Àpẹẹrẹ tòní kò gùn:

oga-fe-ko-wa-lo-ile-miran
opin-osu-yii
ko-ni-si-ferese-nibe

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Olùkọ́ mi,

Mẹ́ta jáde! Onífótò gbé àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú ẹ̀rọ tirẹ̀ nísàlẹ̀, èmi náà sọ̀kalẹ̀, mi ò mọ̀gbà tí mo dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Àkọ́kọ́ wà létí odò. Èkejì, ọjà nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìdáhùn. Onífótò fi ìka lé e.

Nítorí náà, mo ti ṣe tán láti jókòó ṣe ìdánwò. Wo àpẹẹrẹ mi, kí o sì kà á dáadáa ju bí mo ṣe ń ka tìrẹ lọ:

oju-irin-gba-egbe-eketa-koja
egbe-awon-osise-inu-ile-wa-ni-ilu-yin
mo-ko-iwe-si-won-won-ti-dahun
obinrin-kan-n-bo-ni-ojobo
fi-aso-pupa-ko-oju-ferese
oruko-ti-onifoto-n-pe-mi-ni-waa-fi-da-a-mo
ma-je-ko-han-loju-re

Èdè Òyìnbó tí mo kọ́ ní iléèwé girama ni mo fi kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Mo bẹ̀rù pé bí gírámà mi bá wọ́ díẹ̀, wọn ò ní ka ọ̀rọ̀ mi sí. Wọ́n dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Obìnrin tó dáhùn kò mẹ́nu kan gírámà.

Jẹun. Múra sí ìdánwò náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin

Àbíkẹ́yìn mi,

Ọjọ́bọ̀ ti kọjá. Òpin oṣù ti kọjá. Mi ò mọ ẹni tó ń ka ìwé yìí. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ọ̀gá ni, ka gbogbo rẹ̀, mi ò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Ọmọ mi ni. Bàbá kan ń bẹ nílé rẹ, ìwọ náà mọ ohun tí bàbá ń jẹ́.

Mo ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ. Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Ó bọ́ sídìí ògiri, ó ń já fọ́tò kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń da ojú wọn délẹ̀ lórí tábìlì. Mo ní kí ló ń ṣe báyìí. Ó ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń kí wọn ní ẹ káàárọ̀. Mò ń kí wọn, ọmọ mi ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn." Láti ìgbà náà kò tíì bá mi jà lórí ohunkóhun. Ó bu oúnjẹ, a jókòó tì í, a gbé e padà. Ìyá rẹ tó máa ń bá mi jà lórí iyọ̀!

Mo ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ náà ni wọ́n dáhùn kẹ́yìn: wọ́n ní àwọn lọ, àwọn kò rí aṣọ pupa, àwọn á tún lọ. Onífótò ti ìsọ̀ rẹ̀, ó wá jókòó tì mí. Bí mo ṣe ń tẹ ẹ̀rọ yìí kò yé èmi fúnra mi mọ́. Mo kàn ń kọ ìràwọ̀, mò ń wò ó.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ keje, oṣù kẹrin

Bàbá mi, Mọ́mì mi,

Mo wà níta.

Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ náà ni mo fi ń kọ èyí, kò sí ẹni tó ń kà á lẹ́yìn mi, mo sì lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe fẹ́. Ọ̀rọ̀ tí kò lámì, tí ìlà so pọ̀, ni ẹ̀rọ ìtumọ̀ ọ̀gá kò lè tú.

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, mo wá aṣọ pupa kiri ilé, kò sí. Ìbora bàbá àgbà nìkan ló pupa, ara rẹ̀ ló sì wà. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní òtútù ń mú òun. Nígbà tí mo fi súwẹ́tà mi wọ̀ ọ́ tó gbà, ọ̀sán ti pọ́n, wọ́n ti wá, wọ́n ti lọ. Mi ò mọ̀. Mo fi ìbora kọ́ ojú fèrèsé, mo sì ń retí. Lọ́jọ́ kejì ọ̀gá dé. Ó ní, "Kí nìyẹn?" Mo ní mo fọ̀ ọ́ ni, mò ń sá a. Ó wò mí títí. Ó fà á wọlé, ó ti fèrèsé, ó gbé kọ̀ǹpútà lọ. Ó ní kí n di ẹrù, pé ilé tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán. Mo di ẹrù. Ẹ ò lè mọ bó ti rí, kéèyàn máa di ẹrù ara rẹ̀ lọ síbi tí kò fẹ́.

Obìnrin ẹgbẹ́ náà ti rí ìbora náà kí ọ̀gá tó fà á wọlé. Inú rélùwéè ló wà lọ́jọ́ kejì náà, nígbà tó ń lọ sílé. Ó sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó rìn padà, fèrèsé ti wà ní títì, kò mọ èyí tó jẹ́ mọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, àjà dé àjà. Lánàá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé ọmọ Bàbá Oníràwọ̀ ni?" Bàbá, ó pè é bí ẹni tó fi òkúta sẹ́nu. Mi ò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n má lọ síbì kankan. Mo bú sẹ́rìn-ín. Níbo ni mo fẹ́ lọ?

Ó padà wá pẹ̀lú ọlọ́pàá àti ẹni tó ń ṣí kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ jáde. Bàbá àgbà ni. Ó ti wọ bàtà rẹ̀, ó kí wọn, ó ní òun ti pẹ́ síbi iṣẹ́, ó kọjá láàárín wọn, ọlọ́pàá ní láti sáré tẹ̀ lé e. Wọ́n ti mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbà. Mo bi wọ́n bóyá ọgbà wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó wà.

Ìwé ìrìnnà mi ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n ní mi ò lè ṣiṣẹ́, mi ò sì lè wálé títí ẹjọ́ á fi parí, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà náà. Wọ́n fún mi ní yàrá kan, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ yìí mo múra, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí mò ń dúró dè kó wá ṣí i. Mo padà lọ jókòó.

Ẹ má bínú sí mi nítorí àwọn fọ́tò yẹn. Ọjọ́ tí mo dé ni mo yà wọ́n, mò ń pààrọ̀ gèlè láti títì dé títì, kí ẹ lè rí púpọ̀ fi yangàn. Irọ́ kọ́ ni nígbà náà. Ẹ̀yìn náà ló di irọ́. Bí ara mi bá balẹ̀, màá fi tuntun ránṣẹ́, kí ẹ lè gbà pé mo ti jáde lóòótọ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Àbíkẹ́yìn mi,

Ìyá rẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á lórí ìdúró. Ó ní kí n kọ èyí bí òun ṣe sọ ọ́ gan-an, kí n má fi gírámà kankan sí i: "Mi ò fẹ́ fọ́tò. Kò sí ẹni tó ń bi ọ́ ní ẹ̀rí." Ó wá lọ sí kíṣìnnì, ibẹ̀ ló ti sunkún. Lẹ́yìn náà ó bá mi jà pé mo jẹ́ kí omi gbẹ nínú ìkòkò. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Onífótò kí ọ. Mi ò lè sọ ohun tó sọ, nítorí nígbà tó fẹ́ sọ ọ́, ó kàn ń nu awò kámẹ́rà rẹ̀ nù ni.

Nǹkan púpọ̀ ló wà tí mò ń bẹ̀rù. Mò ń bẹ̀rù ẹjọ́ náà. Mò ń bẹ̀rù pé ọ̀gá yẹn á wá ọ rí. Mò ń bẹ̀rù òtútù, nítorí o sọ pé o fi súwẹ́tà rẹ wọ bàbá àgbà, o kò sì sọ pé o gbà á padà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bẹ̀rù jù nínú lẹ́tà rẹ ni ilẹ̀kùn tí o dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Jẹun láàárọ̀ ọ̀la. Lẹ́yìn náà, ṣí i. Má gbé kámẹ́rà dání. Má máa ro ohun tí wàá kọ sí wa bí o ṣe ń rìn. Bí o bá dé ibi tí o kò mọ̀, tí àyà rẹ já, yí padà, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ léèrè. Bó bá sì wù ọ́, kọjá ibẹ̀.

Mo mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Bí ìwé rẹ tó ń bọ̀ bá pẹ́, màá máa rìn káàkiri yàrá yìí títí ìyá rẹ á fi lé mi síta.

Jẹ́ kó pẹ́.

Bàbá rẹ